Ọmọ Àgbẹ̀ Náà, Ọmọ Ìlú Ni

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń kó irè oko wá sí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí ibà bá kọlu ọmọ méjì ní òru ọjọ́ kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, tí èkejì sì jẹ́ ọmọ obìnrin tí ń ta ata ní Ìpàta, ibà kò ní béèrè iṣẹ́ òbí wọn. Ilé ìwòsàn ni yóò béèrè. Ìwé adójútòfò yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ akọ̀wé. Ìyá ọmọ kejì yóò kọ́kọ́ wá owó lọ. Ta ni ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì báyìí?

Òfin ni. Ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 2005 ń tọ́jú òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18. Ó dára bẹ́ẹ̀; a kò ṣe ìlara wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù, alájàpá kò sì ní ọ̀gá tí yóò máa yọ owó sílẹ̀ fún un. Nígbà tí a so ìlera ọmọ mọ́ owó oṣù òbí, a ti ti ọmọ àgbẹ̀ síta kí a tó bí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ètò yìí kò yé àgbẹ̀. Ó jọ èésú, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan: nínú èésú, olúkúlùkù ni yóò kó tirẹ̀ bí ó bá kàn án, nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn bá kàn ni a ó ná an lé lórí. Ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, àwọn àgbẹ̀ Shonga wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2007, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ilẹ̀ Netherlands.

Àwọn alátakò wa ní owó kò sí. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ní Ìbàdàn, tọ́jú àwọn ọmọdé títí dé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́, owó kòkó ni wọ́n sì fi gbọ́ bùkátà. Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Àríwá ní Kàdúná nígbà náà. Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe pọ̀, wọ́n ní kí a dá Ìlọrin padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. A kò gbà fún wọn. Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ U.P.N., tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́rin rẹ̀, gba ìjọba Kwara. Olóyè Cornelius Adébáyọ̀ wọlé ní oṣù October. Ní ọjọ́ 31 oṣù December, àwọn ológun gba ìjọba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oore yìí gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá.

Lónìí ńkọ́? Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí a yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú aráàlú. Ó di ọdún 2018 kí owó náà tó wọ ìwé ìṣúná. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, àwọn aboyún, àwọn arúgbó, àti àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́? Ṣé ẹ̀fọn ń béèrè ọjọ́ orí kí ó tó jẹ ènìyàn ni? Ní ilẹ̀ Gánà, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 kì í san owó àsanwọlé ètò náà lọ́dọọdún. Ohun tí a ń béèrè nìyẹn.

Àwọn mìíràn ní bí ìjọba bá sanwó, àwọn ènìyàn yóò sá kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ààrẹ George W. Bush wí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, nígbà tí ó kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì láti bu ọwọ́ lu òfin tí yóò mú adójútòfò àwọn ọmọdé gbòòrò sí i. Ní oṣù February ọdún 2009, Ààrẹ Barack Obama bu ọwọ́ lu irú rẹ̀, wọ́n sì bu owó orí lé sìgá láti fi gbé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń jẹ èrè títí di òní.

Òótọ́ kan wà lẹ́nu àwọn alátakò: ìwé adójútòfò kò wo ibà bí oògùn kò bá sí. A gbà. Nítorí náà, kí a béèrè oògùn àti nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé náà, kí a má fi àìsí ọ̀kan di èkejì lọ́wọ́.

Bí àwọn olùdíje bá dé Ìpàta, ẹ bi wọ́n: ọmọ àgbẹ̀ mélòó ni ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Àpò wo ni owó rẹ̀ yóò ti wá? Oṣù wo ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Orí pẹpẹ ni oògùn wà. Ìbò wa ni ọwọ́ tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.