Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́?

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìpotì-Èkìtì nígbà ìkórè kòkó, ẹ rọra wakọ̀. Orí ọ̀dà là ń sá kòkó sí. Ẹ ó rí tapólì tí wọ́n tẹ́ sí etí títì, ìyá kan á máa fi ẹsẹ̀ yí kòkó orí rẹ̀, ọmọdé kan á mú igi dání nítorí ewúrẹ́. Òórùn rẹ̀ kan bí ọtí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú. Bí òjò bá ṣú, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí á sáré bá wọn ká a, ìbáà ṣe àlejò. Bí mo ṣe bá a láti kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà.

Mo máa ń gbọ́ iye tí ìjọba ń ná lórí ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́ lórí rédíò. Owó ńláńlá ni. Mo wá wo tapólì etí títì yìí, mo wo owó náà, mo ní kí n ka ẹ̀sùn. Kì í ṣe ẹnì kan ni mò ń fi ẹ̀sùn kàn. Ìjọba ni: èyí tó wà ní Ìbàdàn nígbà kan, èyí tó wà ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà ní Adó báyìí, àti èyí tó wà ní Àbújá. Gbogbo ọwọ́ tí owó náà ti gbà kọjá ni mò ń bá wí.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ gba àjọ lọ́wọ́ wa, ẹ ò jẹ́ ká kó o.

Ní 1947 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún láṣẹ láti ta kòkó sí òkè òkun àfi bọ́ọ̀dù. Bí ìkórè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá iye tí wọ́n máa san lórí tọ́ọ̀nù kan, àwọn aṣojú wọn á wá rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ohun tó bá lé lórí nígbà tí wọ́n bá tà á lókè òkun, bọ́ọ̀dù ló ni ín. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn bàbá wa dùn létí: bí owó kòkó bá gòkè, a ó bá yín tọ́jú díẹ̀, bí ó bá wálẹ̀, èyí tí a tọ́jú la ó fi gbé yín ró. Àjọ ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá sì ti dá àjọ rí mọ̀ pé ọjọ́ kíkó la fi ń mọ alájọ.

Owó kòkó gòkè lóòótọ́. Ní nǹkan bí 1954, ó ga lágbàáyé dé ibi tí ojú àgbẹ̀ kò tó, nítorí ohun tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí wọ́n ń tà á. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pín bọ́ọ̀dù sí ẹkùn-ẹkùn, ìpín tó kan Ìwọ̀ Oòrùn nínú owó tó wà nílẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lọ. Lẹ́yìn náà ọjà kú. Ní 1961 wọ́n gé owó àgbẹ̀. Ní 1965, lẹ́yìn ìbò tó bí rògbòdìyàn wẹ́tíẹ̀, wọ́n tún gé e. Ọjọ́ tó yẹ kí alájọ tú àpò, àpò ti gbẹ.

Bàbá mi àgbà fi páànù bisikíìtì kan sílẹ̀ nígbà tó kú. Àwọn ìwé tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pélébé-pélébé, kòkòrò ti jẹ òmíràn. Gíréèdì kejì ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ gíréèdì yìí dùn ún dọjọ́ ikú. Ó ní òun bo kòkó òun fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, òun sá a títí ó fi ń dún kótókótó lọ́wọ́, ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò ju pé ó fi ọ̀bẹ la hóró mélòó kan lọ, ó ní gíréèdì kejì. Kò dárúkọ ẹni náà fún wa rí. Ó kàn máa ń sọ pé ojú onítọ̀hún ló wà ní gíréèdì kejì.

N ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nínú owó ẹkùn yẹn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 1955, bàbá mi sì wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí èmi náà lè mú gègé lónìí láti kọ ẹ̀sùn yìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe olówó kó tó ná an fún un.

Ẹ̀sùn kejì: ibi tí ẹ ti kó owó lọ kọ́ lẹ ti ń ná an.

Iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ bá mi ka ibi tí wọ́n wà: ọgbà ilé iṣẹ́ ní Ìkejà, sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, Cocoa House ní Ìbàdàn tí wọ́n parí ní 1965. Àjà 26 ni Cocoa House. Orúkọ kòkó ló ń jẹ́, kò sí hóró kòkó kan nínú rẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ń lọ kòkó nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, Ìkejà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Mo ti dé Ìkejà, mi ò rí igi kòkó kan.

Ẹlòmíràn á ní ibẹ̀ ni iná wà, ibẹ̀ ló sún mọ́ èbúté. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó fẹ́, wọ́n rí i kọ́ sí Ilé-Olújì láàárín oko kòkó gan-an. Iná dé ibẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, ìjọba dín owó orí kù fún ẹni tó bá lọ kòkó rẹ̀ sílé kó tó kó o jáde, wọ́n sì ń bá Netherlands du ipò kìíní lónìí nínú kòkó lílọ̀ lágbàáyé. Mo ti rìn láti Ìjerò dé Arámọkọ, mo gba Òkèmẹ̀sí, mo yọ sí Ẹ̀fọ̀n. Kòkó wà. Ibi tí ìjọba ti ń lọ̀ ọ́ ni mi ò rí.

Ẹ̀sùn kẹta: ìgbà tí wọ́n ṣèwádìí, wọ́n fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní 1962 ni Adájọ́ Coker jókòó láti wádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, bọ́ọ̀dù wa sì wà lára wọn. Ó tú u jáde pé owó bọ́ọ̀dù wọ ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní NIPC, tí àwọn èèkàn ẹgbẹ́ Action Group wà nídìí rẹ̀, àti pé láti ibẹ̀ ni mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti ń ṣàn lọ sínú àpò ẹgbẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní àwọn ọ̀tá Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ló gbé ìwádìí náà kalẹ̀, nígbà ìjọba pàjáwìrì, ó sì dá Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn, láre bí ẹni pé Akíntọ́lá kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Owó jáde, a sì mọ ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde. Awuyewuye tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣèlú ló ń bá ara wọn ṣe é. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìpotì tí wọ́n ránṣẹ́ pè pé kó wá gba tirẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba Babangida fọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá. Ìgbà yẹn náà, wọn kò pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́ ìṣirò.

Ẹ̀sùn kẹrin: ẹ mọ ilé iṣẹ́ ṣí, ẹ ò mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Èyí ló dùn mí jù, nítorí ó ṣojú mi. Nígbà tí a wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n ní àwọn ó fi ilé iṣẹ́ tu Èkìtì lára. Bíríkì alámọ̀ ní Ìrè. Màlúù oníwàrà ní Ìkún. Ilé iṣẹ́ aṣọ ti wà ní Adó. Ẹ wò ó, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: amọ̀ wà ní Ìrè, koríko wà ní Ìkún. Kì í ṣe ìrònú òmùgọ̀ ló pa wọ́n.

Ohun tó pa wọ́n rọrùn láti sọ. Owó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀rọ ló ń ti òkè òkun bọ̀, kọngílá sì ń jẹ nínú rẹ̀. Owó dísẹ́ẹ̀lì, owó páàtì tó bá bàjẹ́, owó ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe, ìyẹn ni kò sẹ́ni tó ń bá a dé Adó. Gómìnà kì í gé rìbọ́ọ̀nù lórí bẹ́áríǹgì. Iná máa ń kú lójijì mọ́ iléru bíríkì, bíríkì inú rẹ̀ á sì di ìdajì jíjinná, ìdajì tútù. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ìyẹn máa ṣẹlẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó wọ gbèsè? Gómìnà tuntun á dé, á ní òun á jí i dìde, á tún ra ẹ̀rọ.

Oko màlúù Ìkún dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Gómìnà Fáyẹmí nígbà kejì tó pe ilé iṣẹ́ Promasidor wọlé. Inú mi dùn sí ìyẹn, mo sì sọ ọ́. Àmọ́ ohun tí ó fi hàn ni pé oko náà kò ní àrùn kankan. Ẹni tó máa dúró tì í ló wá.

Àpẹẹrẹ ńlá rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta. Ní 1968 ni Kòríà Gúúsù dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní Pohang. Nígbà tó fi máa di 1973 irin ti ń jáde. Àwa tọwọ́ bọ̀wé fún ti Àjàòkúta pẹ̀lú àwọn ará Soviet ní 1979, iléru ńlá ibẹ̀ kò sì tíì yọ́ irin tí a lè tà dòní. Ìjọba Kòríà náà ná owó, ó fún àwọn oníléeṣẹ́ lówó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń béèrè pé mélòó lo tà sókè òkun lọ́dún yìí. Èsì yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n á tún yá lówó.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni ti adìẹ, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀ torí gbogbo Èkìtì ló mọ̀ ọ́n. Nígbà ìjọba Fáyóṣe àkọ́kọ́, wọ́n ní iṣẹ́ adìẹ ńlá máa wà, owó tó wọ inú rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó tọ ipasẹ̀ owó náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ìjọba pàjáwìrì dé. Fáyóṣe ní òun kò jẹbi, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Ní 2014 a tún dìbò fún un, ó wọlé. Ó dáa. Ẹ̀yin ilé ẹjọ́, ẹ̀yin amòfin, mo gbà. Adìẹ ńkọ́?

Ẹ̀sùn kẹfà: ohun tí a lè yà ní fọ́tò nìkan lẹ fẹ́ràn. Oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n kó àpò ìrẹsì jọ gègèrè ní Àbújá, Ààrẹ Buhari wá wò ó, wọ́n ní èso owó tí wọ́n yá àwọn àgbẹ̀ ni. Owó yẹn ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ, ìrẹsì kò sì dín ní kọ́bọ̀ lọ́jà wa. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú tó wà fún ẹrù oko ní Adó, nígbà tí Fáyẹmí ń palẹ̀ mọ́, tí ọkọ̀ kankan kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ta kòkó rí lè sọ fún wọn pé kòkó kì í wọ bàálù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀. Ohun tí kòkó nílò ni ọ̀nà láti oko dé ìlú, àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a lè sá a sí.

Ẹ̀sùn keje ló bí àwọn tó kù: ẹ kì í ka ìṣirò. N ò béèrè pé kí ẹ kọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìwé kan ni mo ń béèrè, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n: orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Èkìtì, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, iye tó gbà, ọjọ́ tó dákẹ́, iye tí ẹ tún ná láti jí i, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, ohun tó mú mi fi kún un nìyí. Mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ti dákẹ́ yìí. N ò ní sọ èyí tí í ṣe. Igbó ti gba ẹnu ọ̀nà, ẹ̀wọ̀n wà lára géètì, àgádágodo rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Bàbá ọlọ́dẹ kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi àdá ha igi.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wọlé wò ó?"

Ó ní kọ́kọ́rọ́ wà ní Adó.

Mo ní ta ló mú un lọ́wọ́ ní Adó.

Ó ní kọmítì ni.

Mo ní kọmítì wo.

Ó fi àdá sílẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo bàtà mi, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ bá wa mú owó oṣù wá ni?"