Filipínì ń Ta Ọmọ Tí Ó Kọ́: Kí Nàìjíríà Má Ṣe Ná Irú Ọjà Náà

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní orílẹ̀-èdè Filipínì, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: ọmọ tí a kọ́ gan-an ni ilé ń gbé tà. Síbẹ̀ àwọn kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń fi Filipínì ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n ní bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń lọ sí òkè òkun, kí a sáà máa kọ́ òmíràn sí i. Àwọn tí ó lọ yóò máa fi owó ránṣẹ́, àwọn tí ó kù yóò sì tó ilé lò. Ìmọ̀ràn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni. Filipínì ti dán an wò ju àádọ́ta ọdún lọ, àbájáde rẹ̀ sì wà ní gbangba.

A kò bí àwọn ará Filipínì mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1898 ni Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Spéìn pẹ̀lú ogún mílíọ̀nù dọ́là, láì bi àwọn onílẹ̀ léèrè. Àwọn amúnisìn náà dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Iloilo ní 1906. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn, ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Nígbà tí òmìnira dé ní 1946, àsíá yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò yí padà. Ní 1948, Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí àwọn àlejò yóò fi wá kọ́ iṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì padà sílé. Láàrin 1956 sí 1969, àwọn nọ́ọ̀sì Filipínì tí ó bá ètò náà lọ lé ní 11,000. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà yí padà ní 1965, ọ̀nà là fún wọn láti máa gbé ibẹ̀ títí.

Ohun tí àwọn amúnisìn bẹ̀rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òwò ìjọba. Ní 1974, Ààrẹ Ferdinand Marcos, tí ó ti fi òfin ológun de ìlú láti 1972, gbé òfin jáde tí ó sọ kíkó òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun di ètò ìjọba. Àwọn olówó náà ti rí èrè níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ 17 ní 1950 ti di 140 ní 1970. Lẹ́yìn 2000, wọ́n lé ní 400. Àwọn dókítà pàápàá padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti di nọ́ọ̀sì, kí òkèèrè lè gbà wọ́n. Ní oṣù kẹfà 2006, ìbéèrè ìdánwò ìjọba fún àwọn nọ́ọ̀sì jò síta. Àjọ Amẹ́ríkà tí ń yẹ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì òkèèrè wò kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àwọn tí ó yege, àfi bí wọ́n bá tún apá tí ó jò ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní Filipínì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ọ̀gá rẹ̀ wà.

Ǹjẹ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì yìí tó ilé lò? Rárá o. Àyè iṣẹ́ tí ìjọba ń san owó rẹ̀ kò tó, owó oṣù sì kéré. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n lè ní ìrírí; àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó kí a tó gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́! Ní 2011 ni ilé iṣẹ́ ètò ìlera ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí àṣà náà dópin. Òfin ọdún 2002 ti sọ iye owó oṣù tí nọ́ọ̀sì ìjọba gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2019 kí a tó dá wọn láre. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko! Ní 2023, Akọ̀wé ètò ìlera, Teodoro Herbosa, wí pé àyè nọ́ọ̀sì bí 4,500 ṣófo ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì dábàá pé kí a gba àwọn tí máàkì díẹ̀ kù fún kí wọ́n yege. Orílẹ̀-èdè tí ń tọ́jú aláìsàn gbogbo ayé wá ń wá ẹni tí ó kùnà ìdánwò láti tọ́jú tirẹ̀.

Àrùn Kòrónà tú àṣírí yòókù. Ní oṣù kẹrin 2020, Filipínì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kí ọdún náà tó parí, ó tún ṣí i fún 5,000 lọ́dún. Ní oṣù kejì 2021, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò pọ̀ sí i bí wọ́n bá fún Filipínì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn nọ́ọ̀sì ni ọmọ Filipínì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kéde ní oṣù kẹsàn-án 2020 pé nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí àrùn náà pa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó jẹ́ tiwọn.

Wọn yóò béèrè pé: owó tí ń wọlé ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní 2023, owó tí gbogbo ọmọ Filipínì tí ó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì lé ní bílíọ̀nù 33 dọ́là. Owó náà kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́; kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú nọ́ọ̀sì tí ó wá oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n àpò ìdílé ni owó náà ń wọ̀. Kò lè jí dìde lóru dá aláìsàn lóhùn. Òbí Filipínì ni ó san owó ẹ̀kọ́. Aláìsàn òkèèrè ni ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Nàìjíríà ti ń tọ ọ̀nà kan náà. Ní oṣù kejì 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ, kí òun tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé àyè ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera yóò kúrò ní 28,000 di 64,000 lọ́dún. Ilẹ̀kùn títì àti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́: Filipínì ti ṣe méjèèjì, kò sì rí ojútùú. Ẹni tí ó ń fi ajere pọn omi, bí ó ti wù kí ó yára tó, òùngbẹ ni yóò pa ará ilé rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ìjọba kọ́kọ́ san owó oṣù tí ó tó gbọ́ bùkátà, kí ó san án lásìkò, kí ó sì gba àwọn tí ó kọ́ sí iṣẹ́. Kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tí ń kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ san owó ẹ̀kọ́ wọn padà fún ilé tí ó kọ́ wọn. Bí olóṣèlú kan bá sì dé, tí ó ń ṣèlérí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun, kí àwọn olùdìbò má ṣe bi í pé mélòó ni yóò kọ́. Kí wọ́n bi í pé: mélòó ni yóò gbà sí iṣẹ́, èló ni yóò sì san?