FÁÌLÌ ÌLÚ KÌ Í ṢE OHUN ÌNÍ ALÁGA

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ẹ̀yin ará Ìbà, ẹ̀yin ará Òkòkòmaikò, a kí yín kú ìdúró lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín ni, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ń san fún káńsù ni.

Láyé ijọ́un, bí ìjọba bá fẹ́ kọ lẹ́tà, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, á ṣe ẹ̀dà kejì, á lù ú ní òǹtẹ̀, á sì fi ẹ̀dà náà sínú fáìlì. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, fáìlì kò kúrò ní ọ́fíìsì. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní, “Ẹ gbé fáìlì wá.” Fáìlì ni ẹlẹ́rìí mẹ̀kúnnù.

Lónìí ńkọ́? Ímeèlì àti WhatsApp ló gba iṣẹ́ náà. Kọngílá kọ̀wé sí ọ̀gá lórí fóònù, ọ̀gá fèsì lórí fóònù, wọ́n dá iye owó, wọ́n dá ọjọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ó yá, kò sì náni lówó. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé orí àdírẹ́sì ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe é, orí Gmail, orí Yahoo. Lọ́jọ́ tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá fi oyè sílẹ̀, fóònù rẹ̀ ń bẹ lápò rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ń bẹ lórí rẹ̀, ó ti kó fáìlì ìlú lọ sílé. Ẹni tó bá wọlé tẹ̀ lé e á bá tábìlì òfìfo. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní, “Èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀ nígbà yẹn.” Ṣé ẹ rí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tiwa yìí gan-an. Ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ̀ ẹ́ láti Eric Moore títí dé Òkòkòmaikò, pẹ̀lú ojú irin láàrin rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2. Láti 2009 sí ìgbà yẹn, gómìnà mẹ́ta ló jókòó ní Alausa: Fashola, Ambode, Sanwo-Olu. Kọmíṣọ́nnà mélòó ló ti wọlé tó ti jáde? Alága káńsù mélòó? Bí ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ nítorí ọ̀nà bá fẹ́ mọ ẹni tó wọn ilẹ̀ rẹ̀, iye owó gbà-má-bínú tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n á san án, níbo ni yóò ti rí i? Bó bá jẹ́ inú ímeèlì ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ló wà, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú kó tó dé kóòtù. Bí oníṣòwò ní Àlàbá bá sì ti sọ rísíìtì nù, tí wọ́n ní kó tún owó san, kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀?

Àwọn kan á ní, “Ìwé ló dára jù, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé.” Ìwé náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé NET ní Marina lóṣù kìíní 1983, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó ló ń kùn pé àkọsílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sun. Iná jó kóòtù Igboṣere lóṣù kẹwàá 2020, ìwé ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ. Ímeèlì tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi méjì kò ní bá ilé kan ṣoṣo jóná. Nítorí náà, ímeèlì kọ́ ni ọ̀tá wa. Ìtọ́jú ni kò sí.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀tọ́ ni a ń bèèrè, kì í ṣe ojú rere. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Jonathan buwọ́ lu Òfin Òmìnira Ìròyìn. Abala kejì òfin náà pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tò ó lọ́nà tí ará ìlú á fi lè rí i. Kò sọ pé orí ìwé nìkan; ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀ ìlú ni. Abala kẹwàá ní, òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́, tàbí tó bá yí i padà kó tó gbé e jáde, ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún kan.

Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu bèèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí kóòtù, ìtanràn ẹni tó bá sì kọ̀ láìtọ́ jẹ́ 500,000 náírà.

Fún ọdún púpọ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin Àbújá nìyẹn, kò kan àwọn. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó de ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí owó bá ń bọ̀ tààrà, ìṣirò rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa bọ̀ tààrà. Àbí?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra. Ní Amẹ́ríkà, Hillary Clinton fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba láti 2009 sí 2013. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn síta ní 2015, ó bá a dé ìdìbò ààrẹ ní 2016. Nílùú ọba, ní 2023, ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba kó ọ̀rọ̀ WhatsApp Boris Johnson fún ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀ràn àrùn Kòrónà. Ẹni tó bá ń fi owó ìlú ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti ìlú, fóònù ẹnikẹ́ni tí ì báà fi kọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún kó ìrẹsì àti ankara wá sí ojúlé yín, ẹ gbà á bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní: ṣé orí àdírẹ́sì ìjọba tó parí sí gov.ng ni gbogbo lẹ́tà káńsù yóò máa gbà? Bí wọ́n bá fi WhatsApp ṣe ìpinnu, ṣé wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀?

Èkejì: ṣé ẹ̀dà gbogbo ímeèlì yóò máa wọ inú àpamọ́ tí alága fúnra rẹ̀ kò lè pa rẹ́, ọ̀kan ní káńsù, ọ̀kan níbòmíràn?

Ẹ̀kẹta: ọdún mélòó ni wọ́n á pa á mọ́? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká tọ́jú. Ìkíni ọjọ́ ìbí lè parẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì àti ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú, títí láé ni.

Ẹ̀kẹrin: ta ni òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri káńsù.

Ẹ̀karùn-ún: lọ́jọ́ tí alága bá ń kúrò, ṣé yóò kó ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, níwájú ẹlẹ́rìí, bó ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́?

Wọ́n á ní owó kò sí, wọ́n á ní iná ọba kò dúró. Ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ná sórí jíìpù. Wọ́n á ní àṣírí aráàlú lè tú. Òfin yẹn fúnra rẹ̀ ti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Kò dáàbò bo olè.

Bí ẹ bá dìbò fún àwa náà, tí a sì wọlé, ẹ fi òfin yìí kan náà dè wá. Ẹ wá ní ọjọ́ keje, ẹ ní kí a gbé fáìlì wá. Bí a kò bá rí i gbé wá, ẹ lé wa kúrò níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, bí a kò bá ti jẹ́ kí wọ́n gbé òtítọ́ náà sápò lọ sílé.