Ẹ Sọ Iye Tí Ẹ Fẹ́ Tà Á

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan àwa díẹ̀ láàárín ẹ̀yin ará wa ní Enugu, láti Ogui títí dé Abakpa, tí a ń ra owó àtijọ́, tí a ń tọ́jú rẹ̀, tí a sì ń tà á fún ara wa: onínì, ẹ̀pìnnì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, owó Biafra, títí kan náírà bébà tí wọ́n fi ń rán wa ní búrẹ́dì nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àwọn ìyàwó wa ní pàǹtírí la ń kó wọlé. Ẹnu wọn ni. Ṣùgbọ́n owó tòótọ́ ti ń wọ ọ̀rọ̀ yìí, ìjà sì ti ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ a kò pọ̀ tó mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń bí wa nínú kó tó di pé a kì í kí ara wa mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Èèyàn á ya fọ́tò ṣílè kan, á fi ránṣẹ́ sí wa: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tà á." Èló? "Èló lẹ lè san?" Kí ló dé? Ìyá tó ń ta iṣu ní Ogbete, ṣé ó máa ń bi yín pé èló ló wà lápò yín kó tó dá iye lé iṣu rẹ̀? Á dárúkọ iye, ẹ ó ná an, ẹ ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, á pè yín padà. Ọjà nìyẹn. Ẹni tí kò dárúkọ iye kò tíì tajà, ó kàn fẹ́ ká bá òun díye lé e lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Tí a bá sì wí pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí ilẹ̀ tó ṣú á ti gbé e tọ ẹlòmíì lọ: "Wọ́n ti ní àwọn máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún o." Ta ló ní òun máa san án? Kò sẹ́ni kankan.

A mọ ohun tó fà á. Àwọn fídíò kan ń kiri tó ń sọ pé kọ́bọ̀ 1973 ti di mílíọ̀nù, ẹ̀rù sì ń ba oníkálukú kó má lọ ta mílíọ̀nù ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ fara balẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Kọ́bọ̀ ààbọ̀, kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Inú igò àti agolo àwọn ìyá wa kún fún wọn títí dòní. Ohun tó kún ilé gbogbo kò lè di mílíọ̀nù torí pé ó pẹ́ nílẹ̀.

Ti "wúrà" tún wà níbẹ̀. Ẹnì kan á gbé ṣílè 1947 wá, ó ń dán, ó pọ́n, á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé ọlọ́pàá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: wúrà àwọn òyìnbó ni. Idẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi. 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ tó ń ṣe owó fún gbogbo wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, West African Currency Board. Láti 1913 títí di 1920, fàdákà gidi ni wọ́n fi ń ṣe tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti oníṣílè méjì. Nígbà tí fàdákà gbówó lórí lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, wọ́n bọ́ sórí idẹ. Nítorí náà èyí tó funfun, tó ní 1913 tàbí 1916 lára, ẹ mú un wá, ẹ ó rí bí a ó ṣe dìde lórí àga. Èyí tó pọ́n bíi wúrà, ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ṣe é.

Kọ́bọ̀ oníhò 1936 náà ń kó wa sí wàhálà. Orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀, ọba tó gorí ìtẹ́ nínú oṣù kìíní ọdún náà tó sì fi í sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Ní ìlú rẹ̀ gan-an, kò sí owó tirẹ̀ tí wọ́n ná lọ́jà. Ti àwa ló jáde, torí pé owó oníhò kò ní àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìtàn náà dùn, àwa fúnra wa máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe kọ́bọ̀ yẹn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀kan wà nínú gbogbo agolo tí a bá tú. Arákùnrin wa kan béèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lórí ọ̀kan. A ní kó fi ìtàn náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kó ta kọ́bọ̀ nìkan fún wa.

Nǹkan tó tún máa ń dùn wá dọ́kàn ni fífọ owó. Ẹ wo ìyà! Ṣílè fàdákà tó ti wà nínú àpótí bàbá yín láti bí ọgọ́ta ọdún, tó ti dúdú jẹ́jẹ́, tó rẹwà bí ara àgbàlagbà, ẹ ó gbé e sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ ó fi eérú àti kànrìnkàn gbo ó, òmíì á tún fi Brasso parí rẹ̀, kó lè wu oníbàárà. Gbogbo ìlà tó wà lára igi ọ̀pẹ ibẹ̀ ti lọ. Ẹni tó mọ owó àtijọ́ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á rí ojú kànrìnkàn, á sì dá a padà. Ẹ kò fọ ìdọ̀tí kúrò, owó lẹ fọ̀ dànù. Tí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi lásán ti tó, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má gbo ó. Ẹ jọ̀ọ́, a fi ọlọ́run bẹ̀ yín.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn "ẹ bá mi gbé e sílẹ̀" kàn. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rà á, ẹ má tà á fún ẹlòmíì o, ọjọ́ Ẹtì ni owó máa wọlé." Ọjọ́ Ẹtì á kọjá, ti ọ̀sẹ̀ kejì á kọjá. Ẹ pè é, kò gbé e. Oníbàárà mẹ́ta á ti wá, a ó ti ní "wọ́n ti rà á" fún wọn. Lọ́jọ́ tí a bá wá tà á fún ẹni kẹrin, ọjọ́ yẹn gan-an ni á yọjú, á sì máa bínú: ṣebí ará ilé ni wá? Ará ilé tòótọ́ á ní kí a tà á tí owó òun kò bá jọ. Ní tiwa, a ti fẹnu kò láti oṣù tó kọjá pé ọjọ́ mẹ́ta la ó máa bá èèyàn gbé ọjà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi àsansílẹ̀ lélẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn kékeré míì wà tí a ò ní jókòó tì. Ẹni tó ya iwájú owó tí kò ya ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ni lẹ́tà kékeré tó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é máa ń wà. Ẹni tó ná an tán, tí a gbà, tó wá ní kí àwa tún san owó waybill láti Enugu dé Ìbàdàn. Àti àwọn ará wa tó wà ní London tó ní kí a fi òrùka idẹ tí wọ́n ń ná lápá Calabar àti Owerri nígbà kan, manilla, sínú gàrí ránṣẹ́ sáwọn. Ẹ̀yin ará London, ẹ jẹ́ kí gàrí jẹ́ gàrí. Láti 1979 ni òfin àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀ pé nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbọdọ̀ kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ. A ní ọmọ nílé, a kò fẹ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí idẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ká kọ gbogbo èyí.

Owó Biafra lohun tí àwọn èèyàn ń wá jù lọ́wọ́ wa ní ìlú yìí. Oṣù kìíní 1968 ni bébà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ti ṣílè márùn-ún àti ti pọ́n-ùn kan. Enugu ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ láti oṣù kẹwàá 1967, nítorí náà ibòmíì, lápá Umuahia àti Owerri, ni àwọn ará ìlú yìí ti ná an, tí wọ́n sì gbé èyí tó kù padà wálé nígbà tí ogun parí lóṣù kìíní 1970. Owó náà ti di bébà lásán nígbà náà. Iye yòówù kí èèyàn ní ní báńkì, pọ́n-ùn 20 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn rí gbà. Ẹ rántí oṣù kejì 2023, bí a ti ń tò ní báńkì tí owó wa kò ṣeé ná? Tiwa kò ju oṣù mélòó kan lọ, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì yọ wá. Tiwọn kò padà mọ́. Bébà pọ́n-ùn kan ṣì pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹyọ alumíníọ́mù tí wọ́n ṣe ní 1969, ó ṣọ̀wọ́n, olówó ló ń rà á.

Ìyá arúgbó kan ní Coal Camp gbé ìdì owó yìí jáde lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, bébà bí ogójì àti ẹyọ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló bá a níbẹ̀. Ìyá náà bi í pé kí ni èyí lè mú wá. Ó ní, "Mama, dis one na ordinary paper o, na to help you carry am go." Ó fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó gbé e wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ.

A bá ara wa jiyàn gan-an lórí rẹ̀, a ò ní purọ́. Ẹnì kan nínú wa ní ọjà ni, ìmọ̀ ni owó ọlọ́jà, kò sẹ́ni tó kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tí ìyá náà bá fẹnu ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí ọkùnrin yìí san án tó dákẹ́, a ò ní pè é lólè, gbogbo wa la ti rí irú èrè bẹ́ẹ̀ he rí. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò díye lé e. Ó béèrè. Ẹni tó bá bi wá léèrè ti fi ara rẹ̀ sí ọwọ́ wa, àti pé ọkùnrin yìí mọ iye rẹ̀ nígbà tó ń sọ pé bébà lásán ni. Gbàjúẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀. Owó tó jẹ́ pé wọ́n ti fi sọ àwọn èèyàn yìí di aláìní nígbà kan, òun náà la tún fi rẹ́ wọn jẹ ní ẹ̀ẹ̀kejì.

A kò ra ẹrù náà. A ní kó padà lọ bá ìyá náà, kó fi ohun tó bójú mu kún un. Ó ní àwa kọ́ ni pásítọ̀ òun, pé ìlara ló ń bá wa jà.

Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ìyá náà dé Ogbete. Kò mọ orúkọ ẹni tó wá. Ohun tó ń bi oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni pé níbo ni Yorùbá tó ra owó ìyá òun wà. Ẹ kíyè sí i pé kò wí pé "ọkùnrin kan". Àwọn tó máa ń fi "ofe mmanu" ṣàwàdà pẹ̀lú wa lójoojúmọ́, tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí rélùwéè dé ìlú yìí ní 1916 ni àwọn bàbá wa ti ń bá wọn tajà níbí, àwọn míì nínú wọn kò sì ní ìwé àdéhùn kankan ju ẹnu wọn lọ.

A bá ọmọ náà jókòó, a fún un lómi, a sọ iye tí ẹrù náà tó fún un gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Arákùnrin wa, a mọ̀ pé ò ń ka èyí, a kò sì dárúkọ rẹ. A kò ní bá ọ ra ohunkóhun, a kò ní tà fún ọ, títí o ó fi dé Coal Camp. Ọmọ ìyá náà ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin. Tí o bá fẹ́ kí a bá ọ sìn ín débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí láti aago méjì.