Ehoro Inú Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀jẹ̀ Inú Ara Wa

Nínú oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ń dẹ́rù ba àwọn òbí mìíràn láàárín wa. Ọmọ wọn a ti ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì dé, a jókòó ti kọ̀ǹpútà, a máa wo bí ehoro ṣe ń bímọ tí ìkookò sì ń pa wọ́n jẹ, títí àwọ̀ agbo ehoro náà yóò fi yí padà. Ó ní iṣẹ́ báyọ́lọ́jì ni. Òbí a wá máa rò ó pé: ṣé ó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ báyìí wọ ilé onígbàgbọ́? Ìmọ̀ràn wa ni pé, ẹ má ṣe lé ọmọ náà kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ fa àga, kí ẹ jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń wò. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn PhET ṣe ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder, ní Amẹ́ríkà. Carl Wieman, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ọdún 2001, ni ó dá iṣẹ́ PhET sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni a ń lò ó. Ehoro funfun kan ni yóò wà lórí pápá. Ọmọ yóò fún un ní ẹnì kejì, wọn yóò sì máa bí sí i. Yóò mú kí àwọ̀ bí erùpẹ̀ yọ lára díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọn, lẹ́yìn náà yóò tú ìkookò sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ erùpẹ̀, ehoro funfun ni ojú ìkookò yóò tètè tó. Àwọn aláwọ̀ erùpẹ̀ yóò ṣẹ́ kù, wọn yóò bímọ, wọn yóò sì pọ̀. Bí ọmọ bá sọ ilẹ̀ náà di ti yìnyín, àwọn funfun ni yóò là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Kò sí ehoro kan tí ó pa àwọ̀ ara rẹ̀ dà nítorí pé ó rí ìkookò. Ìkookò kọ́ ni ó fún ehoro ní àwọ̀. Àwọn tí àwọ̀ wọn bá ibùgbé wọn mu ni ó pẹ́ láyé tó láti bímọ, ohun tí wọ́n jogún sì kọjá sára ọmọ wọn. Agbo ni ó yí padà, kì í ṣe ehoro kọ̀ọ̀kan. Èyí ni a ń pè ní àṣàyàn àdánidá.

Ohun kejì wà níbẹ̀. Bí àwọ̀ tuntun náà bá jẹ́ irú èyí tí ń fara pamọ́, ehoro funfun méjì lè bí ọmọ aláwọ̀ erùpẹ̀. Òbí méjèèjì gbé e sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò hàn lára wọn.

Ẹ̀yin òbí, níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lára ehoro, tí ó di ti ilé wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ṣe ń wọlé. Ọkọ jẹ́ AS, aya jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì le koko. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìpín tirẹ̀.

Èé ṣe tí AS fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní i? Ní ọdún 1954, dókítà Anthony Allison, tí ó dàgbà ní Kenya, tẹ ìwádìí jáde pé AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà. Ọmọ AS lè ní ibà o, ṣùgbọ́n ibà líle kì í sábà pa á bí ó ti ń pa ọmọ AA. Láti ìrandíran ni ẹ̀fọn ti ń ṣe lára wa ohun tí ìkookò ń ṣe lára ehoro. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá ilé baba ni ó fi AS sínú ẹ̀jẹ̀ yín, kì í sì í ṣe ègún. Ọ̀pọ̀ ìyá ni a ti pè ní ìyá àbíkú, tí a sì fi ọ̀rọ̀ gún lọ́kàn, lórí ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ì bá ti sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.

Ṣé eré ehoro yìí wá sọ pé kò sí Ẹlẹ́dàá? Rárá. Ó bá ehoro nílẹ̀ ni, kò sọ ẹni tí ó dá a. Òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ Charles Darwin, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1859, lọ jìnnà ju èyí lọ, àwọn onígbàgbọ́ kò sì fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ, kí ó sì mú ìbéèrè rẹ̀ wá sílé láìbẹ̀rù. Ọmọ tí a bá fi igbe pa lẹ́nu mọ́ nílé yóò lọ bi ẹlòmíràn níta.

Ohun kan ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ ọn létí. Òfin pápá ìkookò kọ́ ni òfin ilé Ọlọ́run. Ní pápá, a ń fi aláìlera sílẹ̀. Láàárín wa, ọmọ SS ni a ó gbé sókè, tí a ó tọ́jú, tí a ó sì mú lọ sọ́dọ̀ dókítà lásìkò.

Nígbà tí ẹ bá jókòó ti ọmọ náà, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ó tó tú ìkookò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí èsì kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Ìwọ ńkọ́, kí ni jẹ́nótáìpù rẹ?" Bí kò bá mọ̀, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó sàn kí ó mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju kí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá ti ra aṣọ ìgbéyàwó tán.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ àwọn ọmọ tí ó fi jíǹkí wa. Àmín.