Ọ̀dà tó wà lára ògiri kì í ṣọ́ ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ C#, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́. Àwọn test tí ẹ fi ń wò ó bóyá attribute wà lórí property, tí ẹ wá ń pariwo pé "gbogbo ẹ̀ ti green", ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dán nǹkan kan wò. Ẹ má bínú.

Attribute kì í ṣiṣẹ́ kankan fúnra ẹ̀. Àmì lásán ni. Ẹ ṣáà mọ àwọn ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ "This House Is Not For Sale" sára ògiri wọn? Ọ̀dà yẹn ò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ló máa kà á, tó máa yí padà. Bí attribute náà ṣe rí nìyẹn: àfi kí kóòdù mìíràn kà á.

Ó wá kan test yín. Ẹ pe typeof(Onibara).GetProperty("Bvn"), ẹ pe GetCustomAttribute<JsonIgnoreAttribute>(), ẹ ní Assert.NotNull. Ó green. Kí lẹ wá dán wò? Pé ọ̀dà ṣì wà lára ògiri! Ohun tí ẹ ti kọ sínú class náà lẹ tún lọ kọ sínú test.

Ibi tó ti léwu rèé. JsonIgnore méjì ló wà: ọ̀kan jẹ́ ti Newtonsoft.Json, èkejì jẹ́ ti System.Text.Json. Orúkọ kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ASP.NET Core 3.0 ní 2019, System.Text.Json ni framework yẹn ń lò tí ẹ ò bá yí i padà. Tí "using" tó wà lókè file yín bá wá jẹ́ ti Newtonsoft, System.Text.Json ò ní ka àmì yẹn sí rárá. BVN oníbàárà, gbogbo nọ́ńbà 11 ẹ̀, á jáde gbangba nínú response. Test yín ńkọ́? Tí "using" kan náà bá wà nínú ẹ̀, á ṣì green ni. Ó dà bíi kéèyàn fi èdè Ṣáínà kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri n'Íbàdàn. Ọ̀dà wà níbẹ̀ lóòótọ́ o.

Ẹ ṣe é báyìí: ẹ dá oníbàárà kan sílẹ̀, ẹ fún un ní BVN irọ́, ẹ fi serializer tí app yín ń lò gan-an sọ ọ́ di JSON, kẹ́ ẹ wá rí i dájú pé nọ́ńbà yẹn ò sí níbẹ̀. Kò ju ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ṣi "using" mú, òun ló máa pariwo.

Ti validation náà ò yàtọ̀. [Required] lórí int? Int kì í jẹ́ null, òdo ló máa ń jẹ́, á máa kọjá lọ ni. Test tó ń wá [Required] á sì rí i, inú ẹ̀ á dùn.

Mo ti ń gbọ́ yín: "èyí tí mo kọ fúnra mi ńkọ́?" Ó dáa. Ká ní ẹ kọ [Asiri], tí logger yín ń kà kó lè bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò pé logger bò ó lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, reflection wúlò, mi ò jiyàn: ẹ fi yí gbogbo class inú assembly yín ká, kí test já tó bá rí property kankan tó ń jẹ́ Bvn tí kò ní [Asiri]. Ìyẹn máa mú ẹni tó bá dé lóṣù mẹ́fà sí i, tí ò gbọ́ nípa [Asiri] rí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó gbé test ẹ̀ wá síbí. Kó yí "using" ẹ̀ padà sí ti Newtonsoft, nínú class àti nínú test, kó run ún, ká jọ wo àwọ̀ tó máa mú jáde.