Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọdé tó mọ owó kà á ní èje ló kàn, kò sì purọ́. Àmọ́ iye lọmọdé ń kà. Ohun tó fara sin lágbà ń wò. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà oníbọ́ọ̀dù kékeré, pàápàá nírú ìlú bíi Atosin ní Ìdànrè.

Bọ́ọ̀dù wọ̀nyí bá wa lára mu. Ṣájà Raspberry Pi 4, ọ̀kan lára wọn, kò ju nǹkan bíi wáàtì 15 lọ. Sólà kékeré àti bátìrì á gbé e bí iná bá lọ. Linux, ètò tó ń darí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Olùtajà á ka iye mẹ́mórì fún yín, á ní ó ń gbé fídíò 4K. Ẹ̀fà nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni driver, ètò tí Linux fi ń pàṣẹ fún ẹ̀yà tó ń ya àwòrán. Bí kò bá sí, bọ́ọ̀dù náà á ṣì tàn bí ẹni pé kò sí wàhálà. Ẹ wá ṣí fídíò ẹ̀kọ́: àwòrán á máa já, ohùn á ti ṣíwájú, bọ́ọ̀dù á gbóná kọjá ààlà. Ẹ fi mesa-utils sí i, kí ẹ tẹ glxinfo -B. Bí ẹ bá rí llvmpipe níwájú "OpenGL renderer", ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dá iṣẹ́ àwòrán ṣe. Ẹ̀yà tí ẹ sanwó fún kàn jókòó ni. Lórí Pi 4 tí nǹkan rẹ̀ gún, V3D ló máa ń jáde níbẹ̀.

Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà àwòrán ló jẹ̀bi jù. Wọ́n á fi bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ pamọ́, wọ́n á wá gbé driver tí a kò lè tú wò jáde, tó mọ ẹ̀dà Linux kan ṣoṣo. Linux á tẹ̀ síwájú, driver á dúró sẹ́yìn. Ọdún 2024 ni driver ẹ̀yà àwòrán PowerVR tí gbogbo ayé lè kà tó wọ Linux 6.8, kò sì kan irú SGX àtijọ́ tó wà lórí bọ́ọ̀dù BeagleBone Black. Raspberry Pi pàápàá jáde ní 2012 pẹ̀lú iṣẹ́ àwòrán tó wà ní títì pa. Ìgbà tí Broadcom, tó ṣe VideoCore IV, ẹ̀yà àwòrán rẹ̀, tú ìwé àlàyé rẹ̀ síta ní 2014, tí Eric Anholt sì kúrò ní Intel wá bá wọn kọ driver tuntun, ni ọ̀rọ̀ tó yí padà.

Ti Mali, ẹ̀yà àwòrán tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ló wú mi lórí jù. Luc Verhaegen bẹ̀rẹ̀ Lima, driver kan fún un. Alyssa Rosenzweig, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, wà lára àwọn tó dá Panfrost, driver kejì, sílẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà wò láìrí ìwé àlàyé gbà, títí méjèèjì fi wọ Linux 5.2 ní 2019. Ọpẹ́ wọn pọ̀ lọ́rùn wa.

Ní Ìdànrè, ẹni tó mọ kòkó rà kì í fi ojú àpò rà á. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á la kóró sí méjì, á wò ó bóyá inú rẹ̀ ti bu. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ra bọ́ọ̀dù. Ẹni tó wà nítòsí Computer Village ní Ìkẹjà lè dá ọjà padà lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ará Atosin á kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Àkúrẹ́ ná, dátà tó fi wa Linux sílẹ̀ á sì ti jóná.

Ẹ̀yin olórí ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń ra bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ wa, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ́kọ́ ra ẹyọ kan. Ẹ fi Linux tuntun sí i, ẹ ṣí fídíò, ẹ tẹ glxinfo -B. Bí llvmpipe bá jáde, ẹ má ra ìyókù.